Ọwọ́ Ọkọ Mi Lára Pósítà Akínyẹmí

Ijurin. Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹwàá, 1990

Kí n sọ ọ́ kí àyà mi tó bẹ́: mo ti lóyún! Mo lóyún, mo lóyún. Ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọdúnayọ̀ ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ń bínú sí wọn lórí ìṣirò, kò mọ̀ pé òun ti ń di bàbá. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò ní Ara, ìlú wa, pé oyún kékeré kì í fẹ́ ariwo, pé ikùn ni kí n jẹ́ kó ròyìn fún ayé. Mo ti ń pa ẹnu mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ń dùn mí bí ẹni tí oúnjẹ gbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Oṣù tó kọjá la ṣègbéyàwó. Àwọn kan yóò ka oṣù lórí ìka, wọn yóò ní a kò dúró de pásítọ̀. A dúró o!

Òjò àrọ̀kúrò bá kòkó tí a sá síta lọ́sàn-án yìí. Bí gbogbo wa ti ń sáré kó o, orin ni mò ń kọ. Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé òjò tó ń ba kòkó wa jẹ́ ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹwàá

Màmá ti fi orúkọ sílẹ̀! Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo Ijurin ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ẹni tí ẹgbẹ́ wa bá fà kalẹ̀ ni yóò wọlé, ta ni kò mọ ìyẹn? Nítorí náà, ìdìbò abẹ́lé ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni ìdìbò gan-an. Àwọn méjì péré ló ń du ú: Màmá, àti Akínyẹmí agbaṣẹ́ṣe, tó ń gbé Èkó, tó ń wálé ní Kérésìmesì àti Àjíǹde.

Ohun tí Màmá ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí ilé ìgbẹ̀bí ṣí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ ni ìjọba kò ti fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ewúrẹ́ ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ báyìí. Aboyún tó bá ń rọbí, ọ̀kadà ni yóò gbé e lọ sí Ìjerò. Ìyá Samson, aládùúgbò wa, kò dé Ìjerò lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbẹ́ títì ló bímọ sí, tí àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ ń fi ìró wọn ṣe aṣọ ìkélé fún un.

Nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rọra fọwọ́ kan ikùn mi. Oṣù Kẹfà ni tèmi. Olúwa, kí ó ṣí kó tó dìgbà náà.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹwàá

Fọ́tò ìgbéyàwó dé! Ọlọ́runfẹ́mi ayàwòrán gbé wọn wá láti Ìjerò fúnra rẹ̀. Mo wò wọ́n títí ọbẹ̀ fi jóná. Bí mo ṣe rẹwà tó! (Èmi ni mo ni ìwé yìí, n óò sọ ohun tó wù mí.)

Ẹyọ kan ni n kò rí, èyí tí èmi àti Ọdúnayọ̀ yà pẹ̀lú Pàjáwìrì, aláwàdà inú tẹlifíṣọ̀n. Akínyẹmí ló mú un wá sí ibi ìnáwó wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n purọ́? Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ọba ló wọlé. Gbogbo àlejò fi ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n ń pariwo ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nínú eré rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, "Ẹ sún fún mi!" Bàbá mi pàápàá, díákónì ìjọ, sún.

Mo bi Ọlọ́runfẹ́mi léèrè rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó. Fíìmù ibẹ̀ jó. Ìmọ́lẹ̀ ló wọ inú kámẹ́rà."

Mo tiẹ̀ tún bá a kẹ́dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹwàá

Irọ́ ni! Irọ́ gbuu! Fíìmù kankan kò jó!

Mo lọ ra kẹrosíìnì ní Ìjerò (ó tún ti gbówó lórí, àwọn tó ń tà á kò tilẹ̀ tijú mọ́). Bí ọ̀kadà ti ń wọ ìlú ni mo rí ojú ara mi lára ògiri. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Láti ibi mọ́tò títí dé ẹnu ọ̀nà ọjà, èmi, èmi, èmi, pẹ̀lú ìbòjú funfun mi, gbogbo eyín mi síta, àti Pàjáwìrì tó la ẹnu gbàgà. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá: ÌYÀWÓ TUNTUN ÀTI PÀJÁWÌRÌ NÍ KÍ Ẹ SÚN FÚN AKÍNYẸMÍ!

Èmi ní kí ẹni kan sún? Èmi, ìyàwó ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì?

Ọlọ́kadà wo ògiri, ó wo ojú mi, ó wo ògiri. "Yéè! Ìyàwó Pàjáwìrì! Ẹ gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́, mà." Mo sanwó rẹ̀, mo ju ú sọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mo ya ọ̀kan kúrò lára ògiri, mo mú un wálé.

Ọdúnayọ̀ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó wá fi ìka kan èjìká mi nínú àwòrán náà. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ní apá, tó wọ aago.

"Ọwọ́ mi nìyẹn," ó ní. "Wọ́n gé mi dànù, wọ́n fi ọwọ́ sílẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ń kí mi ní "ìyàwó Pàjáwìrì" láti ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì títí dé orí ìjókòó. Àwọn ọmọ iléèwé Ọjọ́ Ìsinmi ń sún fún mi lọ́nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí a ti délé, Àǹtí Bísí kò tíì ṣí gèlè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò rí i? Inú ilé yín ni ọ̀tá ti jáde. Ta ló ní kó máa yín eyín báyẹn sí ọkùnrin ọlọ́kùnrin?"

"Bísí, gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ni Màmá wí. "Wọ́n jí ẹrù ẹlẹ́rù lọ, ò ń bi ẹlẹ́rù pé kí ló dé tó fi ní ẹrù?"

Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún, mo tún jẹ gúgúrú, mo bì í.

Ọjọ́rú, 31 Oṣù Kẹwàá

A lọ bá Akínyẹmí ní ilé rẹ̀ ní Ijurin níbí, èmi àti Ọdúnayọ̀. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń kùn lójú mọmọ. Àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń po sítáàṣì tí wọ́n fi ń lẹ pósítà.

"Gbajúmọ̀ wa!" ó ní. "Ẹ gbé ìjókòó fún gbajúmọ̀!"

Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí wọ́n tọ́ mi dáadáa. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ àwòrán yìí kúrò lára ògiri. Ẹ kò bi mí kí ẹ tó gbé e síbẹ̀."

"Ó burú ni? Àwọn kan ń náwó kí ojú wọn lè jáde. Mo gbé tìrẹ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, o tún wá ń fajú ro."

"Ẹ gé mi kúrò níbi ìgbéyàwó mi, sà," ni Ọdúnayọ̀ sọ.

"Tíṣà, ṣebí a fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀?"

Àwọn tó ń po sítáàṣì bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde lórí eékún, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi fọ́tò ti ara rẹ̀ síbẹ̀, ṣebí òun ló ń wá ipò. Kò bínú o. Ó dá mi lóhùn bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé.

"Ọmọ mi, ta ló fẹ́ wo ojú mi? Ojú tí àwọn èèyàn mọ̀ ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn. Tí èmi bá ní mo fẹ́ gbẹ́ kànga, wọn yóò bi mí pé níbo, wọn yóò bi mí pé nígbà wo. Ṣùgbọ́n tí Pàjáwìrì bá ní kí wọ́n sún, wọn yóò sún."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà tí a ti délé. Kò purọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Ọdúnayọ̀. Ó gbé mi sókè nílé ìdáná, ó tún sáré gbé mi kalẹ̀ bí ẹyin, ó ní, "Ṣé mo pa á lára?" Ayọ̀ abara tín-ń-tín!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kọkànlá

Màmá pe ìpàdé sí kíláàsì kan níléèwé. Àwọn àgbà obìnrin ìjọ ló wá, àti bàbá kan tó rò pé ìpàdé kòkó ni. Màmá ṣàlàyé ẹni tí wọn yóò lọ bá ní ìjọba ìbílẹ̀, ìwé tí wọn yóò kọ, bí àwọn fúnra wọn yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́ títí nọ́ọ̀sì tuntun yóò fi dé. Kò pẹ́ tí fèrè mọ́tò dún lójú títì. Pàjáwìrì dé! Kíláàsì túká. Ìgbìmọ̀ obìnrin ìjọ sáré ju àwọn ọmọ lọ.

Èmi náà jáde, kí n lè rí ohun tí n óò bínú sí dáadáa.

Ó dúró lórí ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà gígùn rẹ̀. Kò sọ ohun tí Akínyẹmí fẹ́ ṣe, ẹyọ kan báyìí. Ẹni kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ilé ìgbẹ̀bí ńkọ́?" Pàjáwìrì di ikùn mú, ó ń tiro bí aboyún tó ń rọbí, ó ń gbá àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, "Ẹ sún fún mi! Ọmọ ń bọ̀! Ẹ sún fún mi!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Ìyá Samson rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń lu itan. Ìyá Samson! Ẹni tó bímọ sí ẹ̀gbẹ́ títì!



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kọkànlá

Màmá mọ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo kọ òórùn ẹja gbígbẹ. Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n tún béèrè bí mo ṣe ń sùn, bí nọ́ọ̀sì.

Àǹtí Bísí gbọ́, wọ́n fò sókè. "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà! Màmá, ẹ jẹ́ kí a gbé e dìde lọ́la kí gbogbo ìlú rí i. Obìnrin inú pósítà Akínyẹmí ti lóyún, kò sì rí ibi bí i sí! Ta ni yóò tún rẹ́rìn-ín?"

Mo mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́. Mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ, kí n lè fi tú ìbínú mi jáde.

Màmá kọ̀ jálẹ̀. "Ohun tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn, kí àwa náà tún ṣe é? Oyún kì í ṣe pósítà."

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ètè mi là. Ọ̀la ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kọkànlá

N óò kọ ọ́ bó ti ṣẹlẹ̀.

Iwájú ilé ìgbẹ̀bí la ti ń dìbò, nítorí ibẹ̀ ló tẹ́jú. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin tí ẹgbẹ́ rán wá láti Ìjerò fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ka òfin fún wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ka, kí oníkálùkù tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó ń fẹ́, wọn yóò sì kà wá lórí ìlà. Wọ́n lẹ àwòrán Màmá mọ́ igi máńgòrò, èyí tí wọ́n yà nígbà ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì. Níbo ni àwọn Akínyẹmí lẹ tiwọn mọ́? Mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí fúnra rẹ̀, lórí àgádágodo tó ti dípẹtà. Èmi nìyẹn, eyín síta.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà Màmá gùn. Mo fi ojú ara mi rí i, ó kọjá igi máńgòrò dé ẹ̀bá gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kan dé, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé lé èjìká. Wọ́n gbé e dúró síwájú ìlà Akínyẹmí. Ẹni kan ní, "Tẹlifíṣọ̀n ni o! Lọ́la ni wọ́n máa fi hàn!"

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la, tí ẹ bá ka ìwé yìí, ẹ gbà mí gbọ́: ìlà Màmá yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ẹnikẹ́ni kò gba owó. Ẹnikẹ́ni kò halẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n kàn rọra ń rìn lọ sódì kejì, wọ́n ń tún gèlè ṣe, wọ́n ń nu ojú ọmọ. Ìyá Samson kọjá níwájú mi, ó ní, "Jọkẹ́, mò ń bọ̀, kí wọ́n kàn rí mi báyìí ni." Ó ní òun ń bọ̀! Bí ẹni pé a ń ka ìlà lẹ́ẹ̀mejì!

Gbádégẹṣin ka ìlà. Kò sí ohun tí à ń rò mọ́, tiwọn ju tiwa lọ dáadáa. Ó ṣí bírò. Màmá dijú díẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe kúrò lórí ìlà. Mo kàn bá ara mi níwájú ilẹ̀kùn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ fẹ́ kọ pé ó wọlé?"

"Akínyẹmí ni, ìyàwó. Ẹ padà sórí ìlà yín."

"Ẹ fi Akínyẹmí hàn mí nínú àwòrán yìí."

Ó sún mọ́ ọn. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ka òfin fún wa láàárọ̀ yìí pé ẹ̀yìn àwòrán ẹni tí a fẹ́ ni ká tò sí. Ẹni yìí, Pàjáwìrì ni, kì í ṣe ará Ijurin. Ọwọ́ yìí, ọwọ́ ọkọ mi ni. Ọkọ mi nìyẹn lórí ìlà, ẹ wo aago rẹ̀. Ó wá ku èmi. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n tò sí! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Adéjọkẹ́ ló wọlé. Lọ́la ni n óò ṣí ilé ìgbẹ̀bí!"

Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀tọ̀ sì nìyí. Akínyẹmí sáré dé, agbádá ń wọ́lẹ̀: "Orúkọ mi wà nísàlẹ̀! Ṣé ẹ kò lè kàwé ni?"

Bàbá àgbà kan tó wà lórí ìlà rẹ̀ gan-an dá a lóhùn: "Akínyẹmí, a kò kàwé. Àwòrán ni wọ́n ní ká tò sí. Èmi o, mo fi uṣu sílẹ̀ lórí iná wá síbí, ọmọbìnrin yìí ni mo dìbò fún. Ó rẹwà."

"Bàbá, èmi lẹ dìbò fún!"

"Ìwọ? N kò rí ẹ níbẹ̀."

Oníkámẹ́rà yí kámẹ́rà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Mà, ẹ tún un sọ, ẹ dojú kọ ibí." Àwọn tó wà lórí ìlà Akínyẹmí bá tú, wọ́n rọ́ yí mi ká, wọ́n ń na ọrùn lẹ́yìn mi kí kámẹ́rà lè rí wọn. Ìyá Samson di ìgbànú mi mú. Ayọ̀ ìṣẹ́gun tó fẹ́ gbé mi kú pii. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n wá gbọ́. Kí ni ìyàtọ̀ èmi àti Pàjáwìrì lójú wọn nígbà náà? Mo fi ọwọ́ bo ojú kámẹ́rà náà.

Gbádégẹṣin ní òun kò lè ka ìlà tó ti tú, òun kò sì lè kọ orúkọ ẹni tí kò sí nínú àwòrán. Ó dà á nù. Wọn yóò fi ọjọ́ mìíràn ránṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kọkànlá

Gbogbo Ijurin ló kún iwájú tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nílé Akínyẹmí àti níbi gbogbo tí iná wà. Wọ́n múra! Àwọn kan wọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ lánàá kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Ìròyìn dé, wọ́n fi Pàjáwìrì hàn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbòmíràn, kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń sín, ó tán. Kò sí Ijurin. Kò sí gèlè ẹnikẹ́ni. Eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n sún fún òun, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Samson yọjú sí wa lẹ́yìn ìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Jọkẹ́, mo tún gèlè yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lánàá o."

"Mo rí yín, mà."

"Ìwọ nìkan ló rí mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kọkànlá

Ẹgbẹ́ ti dá ọjọ́. Wọ́n ní kí oníkálùkù fi ojú ara rẹ̀ síta lọ́tẹ̀ yìí. Akínyẹmí ti tẹ pósítà tuntun, ojú rẹ̀ nìkan. Àwọn obìnrin dúró wò ó níwájú ilé wa. "Ta nìyí?" "Ó jọ ẹni tó ń ta páànù." Mo rẹ́rìn-ín títí Màmá fi ní kí n rọra, nítorí ọmọ.

Àǹtí Bísí tún ti mú ètò mìíràn dé: kí a gba olórin kan láti Adó, kí ó wá kọrin fún Màmá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti bá ẹni kan sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo dáhùn kí Màmá tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, tí olórin bá pè wọ́n wá, olórin mìíràn ni yóò pè wọ́n lọ."

Wọ́n wò mí. "Ẹnu rẹ ti ń gbó o, ìyàwó." Ṣùgbọ́n wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n tẹ̀ lé mi jáde.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kọkànlá

A ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti ìjẹta, èmi àti Àǹtí Bísí. Ẹsẹ̀ mi wú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo lóyún, n kò sì fi àwòrán kankan hàn wọ́n. Ohun kan náà ni mò ń sọ níbi gbogbo, n óò kọ ọ́ síbí kí n má gbàgbé bó ṣe lọ: Pàjáwìrì kò ní wá. Olórin kò ní wá. Kámẹ́rà kò ní wá, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí yín nínú tẹlifíṣọ̀n. Oòrùn yóò pa yín, wọn yóò kà yín bí iṣu, ẹ óò padà sílé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹ wá àfi aboyún tó bá rí ilẹ̀kùn yẹn ní ṣíṣí.

Àwọn kan ní àwọn yóò rí i. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn. Bàbá oníuṣu ní tí kì í bá ṣe èmi ni yóò wà nínú àwòrán, òun yóò rò ó.

Ilé Ìyá Samson la parí sí. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbé ojú sókè títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Tí n kò bá tún ní rí ara mi, kí ni mo fẹ́ wá ṣe?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn bó ti tọ́ sí i. Ọmọ rẹ̀, èyí tó bí sí ẹ̀gbẹ́ títì, rákò wá, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Mo gbé e. Mo ní, "Mà, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi."

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó pẹ́.

"Ọjọ́ wo lo ní?"

Àwọn ará ilé ti ń yọjú, nítorí náà mo gbé ohùn sókè kí gbogbo ojúlé náà lè gbọ́: iwájú ilé ìgbẹ̀bí, aago mẹ́jọ àárọ̀, kí gbogbo wa ti dé, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá.